Bí Ẹ Ṣe Lè Tú Kílọ́ọ̀ṣì Alùpùpù, Kí Ẹ Tún Un Ṣe, Kí Ẹ sì Tò Ó Padà Nílé

Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ni àwọn èèyàn ń bi wá ṣáá: "Kílọ́ọ̀ṣì mi ń yọ̀, ṣé mo lè tú u fúnra mi?" Ẹ lè tú u. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, irinṣẹ́ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ohun méjì ló ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà: wọ́n á lọ tú ẹ́ńjìnnì nígbà tó jẹ́ pé wáyà tàbí ọ́ìlì lásán ló fa ọ̀rọ̀, wọ́n á sì tún kánjú nígbà tí wọ́n bá ń tò ó padà.

Kílọ́ọ̀ṣì ló ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, tó sì ń tú u bí ẹ bá fa ọwọ́ rẹ̀. Èyí tó jẹ́ onípílétì púpọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́ìlì, tí wáyà ń fà, là ń sọ níbí. Òun ló wà lára ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré àti aláàárín. Bó bá jẹ́ omi búréèkì ló ń ti tiyín dípò wáyà, ẹ lo apá tó jẹ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi ti wáyà sílẹ̀.

Ṣé kílọ́ọ̀ṣì gan-an ni?

- Ó ń yọ̀: ẹ fún un ní epo, ohùn ẹ́ńjìnnì lọ sókè, ṣùgbọ́n eré kò pọ̀ sí i. Ó máa ń hàn jù lórí òkè tàbí nígbà tí ẹrù bá wà lẹ́yìn. Lára àwọn ẹ́ńjìnnì kan, kíìkì pàápàá á máa sá lábẹ́ ẹsẹ̀ yín.
- Kì í tú: ẹ fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì títí dé òpin, alùpùpù ṣì ń fẹ́ lọ. Jíà á máa dún gbàà bó ṣe ń wọlé, níútírà á sì ṣòro rí nígbà tí ẹ bá dúró.
- Ó ń gbọ̀n bí ẹ bá ń gbéra láti ojú kan.
- Ó ń dún gbàgbàgbà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lójú kan, ohùn náà sì yí padà bí ẹ bá fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì.

Ohun tí ẹ ó yẹ̀ wò kí ẹ tó fọwọ́ kan bóòtù kankan

1. Ẹ wọn àyè tó wà lẹ́nu ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn bí ó ṣe ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan. Ní orí rẹ̀ tó jìnnà jù, ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré ń fẹ́ mílímítà 10 sí 20. Bí kò bá sí àyè rárá, wáyà ń fa kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ó gbọ́dọ̀ yọ̀. Bí àyè bá pọ̀ jù, kò ní tú tán.
2. Ẹ wo wáyà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó ti sábà máa ń já ni ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ tó wọ inú ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ ká rọ́bà ibẹ̀ kúrò kí ẹ wò ó dáadáa: bí okùn irin kan tàbí méjì bá ti já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ ní apá kan kí ẹ fi ọwọ́ fà á. Ó yẹ kó máa lọ kó máa bọ̀ láìhá.
3. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike ọ́ìlì tó wà nínú ẹ́ńjìnnì yín. Kílọ́ọ̀ṣì inú ọ́ìlì ń fẹ́ èyí tó ní àmì JASO MA tàbí MA2 (JASO ni ìlànà àwọn ará Japan fún ọ́ìlì alùpùpù). JASO MB kì í ṣe tirẹ̀. Ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n kọ "Energy Conserving" tàbí "Resource Conserving" sí lára ní èròjà tó ń dín ìfira (bí ojú méjì ṣe ń di ara wọn mú) kù, kílọ́ọ̀ṣì sì nílò ìfira yẹn gan-an kó tó lè di nǹkan mú.
4. Bí alùpùpù náà bá ti wà ní ojú kan fún oṣù mélòó kan, tí kílọ́ọ̀ṣì kò sì tú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn pílétì ti lẹ̀ mọ́ra. Ẹ tan án, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹ pa á. Ẹ fi sí jíà kẹta, ẹ fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì dúró, kí ẹ wá tì í síwá sẹ́yìn títí yóò fi já. Nígbà púpọ̀, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ parí sí.

Bí wáyà bá dára, tí àyè bá pé, tí ọ́ìlì tó tọ́ sì wà níbẹ̀, tí ó ṣì ń yọ̀, ẹ wá múra láti tú u.

Ẹ kó àwọn nǹkan yìí jọ ṣáájú

- Sípánà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì 8, 10, 12, 14 àti 17, pẹ̀lú T-sípánà 8 àti 10
- Sọ́kẹ́ẹ̀tì nọ́ọ̀tì àárín kílọ́ọ̀ṣì (àwọn kan ní ìlà mẹ́rin lórí, sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán kò ní wọ̀ ọ́)
- Torque wrench (sípánà tó ń fi bí bóòtù ṣe fún tó hàn), káálípà (tó ń wọn nípọn), feeler gauge (irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọn àlàfo), àti gíláàsì kan tó tẹ́jú pẹrẹsẹ
- Básíà fún ọ́ìlì, àkísà mímọ́, páálí kan, bíírò
- Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun fún ìdérí, àti wáṣà alétí tuntun (tí wọ́n ń tẹ etí rẹ̀ mọ́ nọ́ọ̀tì kó má baà tú) bí tiyín bá ní in
- Ọ́ìlì tuntun. Ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú ìwé alùpùpù yín

Ẹ má ra pílétì sílẹ̀ kí ẹ tó tú u, àyàfi bí ẹ bá mọ iye rẹ̀ dájú. Ẹ́ńjìnnì méjì tó jọra lóde lè ní iye pílétì tó yàtọ̀.

Orúkọ àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀

Háósìn ni èyí tó tóbi jù, tó ní jíà lẹ́yìn àti ìka-ìka irin yí ká. Họ́ọ̀bù wà nínú rẹ̀, ó jókòó lórí ṣáàfù jíà. Oríṣi pílétì méjì ló wà láàárín wọn. Pílétì kílọ́ọ̀ṣì ni aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí dúdú. Eyín rẹ̀ wà lóde, ó ń wọ àárín ìka háósìn. Pílétì irin ń dán, eyín tirẹ̀ wà nínú, ara họ́ọ̀bù ló ń wọ̀. Pressure plate ni sípíríǹgì ń tì, òun ló ń tẹ gbogbo pílétì pọ̀. Bí ẹ bá ti mọ èyí tí eyín rẹ̀ wà lóde yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú, ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí.

Títú

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù tó láti fọwọ́ kàn. Ẹ ṣiṣẹ́ níbi tí atẹ́gùn wà, kí iná má sì sí nítòsí, torí ẹ ó fi bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì fọ nǹkan. Ẹ fi àkísà bo táyà ẹ̀yìn àti búréèkì: ọ́ìlì lórí táyà lè gbé yín ṣubú lójú ọ̀nà.

1. Ẹ gbé alùpùpù sórí sítáńdì ńlá. Ẹ da ọ́ìlì sí básíà, kí ẹ sì wò ó dáadáa. Ẹyọ dúdú kéékèèké inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ara pílétì kílọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ. Bí ẹ bá rí irin tó ń tàn yanran, ọ̀rọ̀ jíà wà ńlẹ̀, kì í ṣe ti kílọ́ọ̀ṣì nìkan.
2. Ẹ yọ ohunkóhun tó bá dí ìdérí apá ọ̀tún: ìgbẹ́sẹ̀lé, búréèkì ẹsẹ̀, kíìkì, nígbà mìíràn sàlẹ́ńsà. Ẹ fi bíírò sàmì sí ibi tí kíìkì dojú kọ kí ẹ tó fà á yọ.
3. Ẹ dẹ wáyà kílọ́ọ̀ṣì, ẹ yọ ọ́ kúrò lára apá tó ń fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì.
4. Ẹ ya àwòrán ìdérí sórí páálí, kí ẹ gún ihò síbi tí bóòtù kọ̀ọ̀kan wà. Bí ẹ bá ṣe ń yọ wọ́n, ẹ máa fi wọ́n sínú ihò tiwọn. Bóòtù ìdérí kì í gùn bákan náà. Bí èyí tó gùn bá lọ sí ihò kúkúrú, yóò gún ìsàlẹ̀ ihò náà, ìdérí kò ní tẹ́, ara ẹ́ńjìnnì sì lè là.
5. Ẹ fi òòlù rọ́bà lù ú jẹ́jẹ́ yí ká, kí ẹ fà á. Ẹ má ki ṣíkúrúdíráfà bọ àárín ojú méjèèjì, ojú tó bá ti họ yóò máa jo ọ́ìlì. Ẹ ṣọ́ píìnì kékeré oníhò méjì tó ń darí ìdérí, wọn a máa já sílẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.
6. Ẹ ya fọ́tò ohun tí ẹ bá rí, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Láti ibí yìí, oríṣi méjì ló wà. Nínú ti àkọ́kọ́, pressure plate ló kọjú sí yín. Ẹ dẹ bóòtù sípíríǹgì díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èyí tó dojú kọ ọ́, títí gbogbo wọn yóò fi tú. Pressure plate á jáde, pílétì á tẹ̀ lé e. Ẹ kò nílò láti tú nọ́ọ̀tì àárín bí háósìn bá dára.

Nínú oríṣi kejì, tó wọ́pọ̀ lára ẹ́ńjìnnì kéékèèké, pílétì pẹlẹbẹ kan tó ní bíárìn láàárín ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, pẹ̀lú bóòtù mẹ́rin àti sípíríǹgì mẹ́rin. Pressure plate wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Kò sí bí pílétì ṣe máa jáde láìtú nọ́ọ̀tì àárín, tàbí òrùka irin tó dì í mú.

Bí ẹ ó bá tú nọ́ọ̀tì àárín, ẹ kọ́kọ́ na etí wáṣà tó tẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi alùpùpù sí jíà tó ga jù, kí ẹnì kan tẹ búréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ gírígírí, kí ẹ wá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tú u. Ẹ má ki ṣíkúrúdíráfà sáàárín ìka háósìn láti dá a dúró. Alumíníọ̀mù ni, yóò kán. Ẹ to gbogbo wáṣà sórí àkísà bí wọ́n ṣe jáde, kí ẹ má sì yí ojú wọn padà.

Ẹ wọn ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n

Pílétì kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi káálípà wọ̀n ọ́n ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré, tuntun rẹ̀ tó nǹkan bí mílímítà 3, bó bá sì ti dé 2.6 a máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Ìwé alùpùpù yín ló ni àṣẹ lórí èyí. Bí ọ̀kan bá ti kọjá òpin, ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn. Bí nípọn rẹ̀ bá tó ṣùgbọ́n tó dúdú, tó ń dán bí dígí, tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, kò ní di nǹkan mú mọ́.

Pílétì irin. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún, ẹ gbé e lé orí gíláàsì. Ẹ fi feeler gauge 0.2 mílímítà gbìyànjú láti wọ abẹ́ rẹ̀ yí ká. Bó bá wọlé, pílétì náà ti tẹ̀, òun ló sì ń jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì kọ̀ láti tú. Èyí tó ti di búlúù ti gbóná kọjá ààlà, ẹ jù ú nù. Bí ó bá kàn ń dán jù, ẹ fi sáńpépà wẹ́wẹ́ ra á ní ìyípo, kí ẹ fọ̀ ọ́ mọ́.

Sípíríǹgì. Ẹ to gbogbo wọn ní ìdúró sórí tábìlì. Bí ọ̀kan bá kúrú ju ìyókù lọ, ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn pa pọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wọn gígùn wọn kí ẹ fi wé ti inú ìwé, torí gbogbo wọn lè ti jọ kúrú pọ̀.

Ìka háósìn. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò dá. Eyín pílétì máa ń gbẹ́ kòtò sí ẹ̀gbẹ́ ìka náà. Bí ẹ bá fa kílọ́ọ̀ṣì, pílétì yẹ kó yọ́ kúrò lára èkejì, ṣùgbọ́n kòtò yẹn á há a mọ́ ibi tó wà. Ẹ lè fi pílétì tuntun àti wáyà tuntun sí i, kò ní tú. Ẹ fi èékánná fà á láti òkè wá sílẹ̀: bó bá ń kọ́ díẹ̀, ẹ fi fáìlì wẹ́wẹ́ dán an, kí ẹ gbà á ní ìwọ̀n kan náà lára gbogbo ìka. Bí kòtò bá jìn, ẹ ra háósìn, torí bí ẹ bá fá a tán, àyè á pọ̀ jù, ariwo á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún di háósìn mú kí ẹ mi jíà ẹ̀yìn rẹ̀. Bí sípíríǹgì inú rẹ̀ bá ń mì kaṣakaṣa, ibẹ̀ ni ariwo gbàgbàgbà ti ń wá.

Bíárìn àti apá tó ń tì. Ẹ fi ìka yí bíárìn náà. Bó bá ń gún tàbí tó ń dún, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó lè bàjẹ́.

Títò padà

Ẹ rẹ pílétì kílọ́ọ̀ṣì tuntun sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mímọ́ láti alẹ́ mọ́jú. Bí àyè kò bá sí, ẹ má jẹ́ kó dín sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Pílétì gbígbẹ á jóná kí ọ́ìlì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

1. Ẹ fá gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò pẹ̀lú ohun tí kò ní họ ojú irin. Ẹ fi àkísà dí inú ẹ́ńjìnnì kí ìdọ̀tí má bọ́ sí i, kí ẹ sì rántí yọ ọ́.
2. Ẹ dá háósìn padà pẹ̀lú wáṣà ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ yí i díẹ̀ kí eyín jíà rẹ̀ lè wọ ara wọn.
3. Fún oríṣi àkọ́kọ́: họ́ọ̀bù wọlé, wáṣà, nọ́ọ̀tì. Bí wọ́n bá kọ "OUTSIDE" sí wáṣà, ojú yẹn ló máa kọjú sí yín. Ẹ fún nọ́ọ̀tì náà dé ìwọ̀n inú ìwé, kí ẹ tẹ etí wáṣà tuntun mọ́ ọn.
4. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pílétì kílọ́ọ̀ṣì, kí pílétì irin tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí, kí ẹ sì fi pílétì kílọ́ọ̀ṣì parí rẹ̀. Ẹ fi ọ́ìlì pa ojú kọ̀ọ̀kan.
5. Ẹ fi ìka tọ́ etí pílétì irin. Ẹ̀gbẹ́ kan mú, èkejì rọ̀. Kí gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà.
6. Lára àwọn ẹ́ńjìnnì kan, pílétì kílọ́ọ̀ṣì tó kẹ́yìn ní ihò tirẹ̀ tó kúrú lórí háósìn, kì í wọ ìlà kan náà pẹ̀lú ìyókù. Fọ́tò yín ló máa sọ fún yín. Bí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá wà nísàlẹ̀ pátápátá pẹ̀lú pílétì tí ihò àárín rẹ̀ tóbi, ẹ dá a padà bó ṣe wà gan-an, òun ni kì í jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì gbọ̀n.
7. Ẹ gbé pressure plate lé e. Ẹ dúró níbí. Ó ní eyín tàbí òpó tó gbọ́dọ̀ bọ́ sínú họ́ọ̀bù. Ẹ yí i sọ́tùn-ún sósì títí ẹ ó fi rí i pé ó jókòó wọlé. Ẹ wá fi ọwọ́ tì í kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àwọn pílétì: kò gbọdọ̀ sí àlàfo láàárín wọn. Bí àlàfo bá wà, tí ẹ fi bóòtù fún un bẹ́ẹ̀, òpó rẹ̀ á kán, tàbí kí kílọ́ọ̀ṣì má di nǹkan mú rárá.
8. Sípíríǹgì, lẹ́yìn náà bóòtù. Ẹ fọwọ́ yí gbogbo wọn wọlé ná. Ẹ wá máa fún wọn ní ìyípo díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èyí tó dojú kọ ọ́. Fún bóòtù M6 (onímílímítà 6), N·m 10 sí 12 lórí torque wrench ti tó. Bí ẹ bá fún un jù, òpó alumíníọ̀mù á já, ẹ ó sì ra họ́ọ̀bù.

Fún oríṣi kejì, orí tábìlì ni ẹ ó ti to pílétì sára họ́ọ̀bù, kí ẹ ti pressure plate bọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn kí òpó rẹ̀ yọ síwájú. Ẹ to eyín òde sí ìlà kan ṣoṣo, kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ wọ háósìn lẹ́ẹ̀kan. Wáṣà àti nọ́ọ̀tì àárín tẹ̀ lé e, sípíríǹgì àti pílétì oníbíárìn ló kẹ́yìn.

Kí ẹ tó dé e: ẹ ti bíárìn àárín pẹ̀lú ọ̀pá tó lágbára. Pressure plate yẹ kó gbéra ní dọ́gbadọ́gba. Bó bá ń gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè ju èkejì lọ, sípíríǹgì tàbí bóòtù kan kò jókòó.

- Ṣé àkísà ti kúrò nínú ẹ́ńjìnnì?
- Ṣé píìnì oníhò méjèèjì wà níbẹ̀?
- Ṣé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ló wà níbẹ̀, tí kò ká?
- Ṣé apá tó ń ti bíárìn wọ ipò rẹ̀?

Ẹ dé ìdérí, ẹ fọwọ́ yí gbogbo bóòtù kí ẹ tó fún wọn, bí ẹ ṣe fún ti sípíríǹgì.

Wáyà, ọ́ìlì àti ìdánwò

Ẹ yí nọ́ọ̀tì òkè lẹ́nu ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi tún àyè ṣe, kí ẹ fi ti òkè parí rẹ̀ sí mílímítà 10 sí 20. Báyìí, bí wáyà bá nà lẹ́yìn ọ̀la, ti òkè ṣì ní àyè tí ẹ lè fà. Ẹ yí ọwọ́ alùpùpù sọ́tùn-ún àti sósì: bí àyè náà bá yí padà, wáyà ń há níbì kan.

Ẹ bu ọ́ìlì tuntun sí i, ẹ tan án, kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú alùpùpù ní òòró.

Ẹ tún tan án lórí sítáńdì ńlá, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹ wọ jíà kìíní. Táyà ẹ̀yìn lè máa yí jẹ́jẹ́ nítorí ọ́ìlì tútù, ṣùgbọ́n búréèkì fẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dá a dúró láìpa ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn èyí, ẹ gùn ún níbi tí kò sí ọkọ̀. Ní jíà kẹta, ẹ fún un ní epo lójijì: eré àti ohùn ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jọ lọ sókè.

Àṣìṣe tó ń sọ iṣẹ́ di méjì

Fífi wáṣà sábẹ́ sípíríǹgì kí ó lè le. Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì á wúwo, wáyà á tètè já, sípíríǹgì sì lè tẹ̀ pọ̀ tán kí pílétì tó tú. Fífi pílétì irin kan kún un láti dí ohun tó ti jẹ náà kò dára, ó ń dín àyè tí kílọ́ọ̀ṣì fi ń tú kù. Bákan náà ni pípààrọ̀ pílétì kílọ́ọ̀ṣì nìkan nígbà tí pílétì irin ti di búlúù.

Ó ti tò tán, síbẹ̀ kò dára

- Ó ń yọ̀ lójú ẹsẹ̀: ẹ yẹ àyè wáyà wò. Bó bá wà, pressure plate kò jókòó, tàbí ọ́ìlì tí kò tọ́ ni ẹ bù sí i.
- Kò tú: àyè pọ̀ jù, bíárìn tàbí ọ̀pá tó ń tì í kò sí ní ipò rẹ̀, tàbí kòtò wà lára háósìn.
- Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì rọ̀ pátápátá, kò fa nǹkan kan: apá ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì wọ eyín tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ sún un ní eyín kan.
- Ọ́ìlì ń jo lẹ́nu ìdérí: ẹ má fi agbára fún bóòtù sí i. Ẹ tú u, kí ẹ wò ó bóyá gásíkẹ́ẹ̀tì ká tàbí bóòtù gígùn kan wọ ihò kúkúrú.

Pílétì tuntun máa ń jókòó sí i láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, àyè ẹnu ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì á sì yí padà. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìrìn àjò díẹ̀, kí ẹ fi nọ́ọ̀tì òkè dá a padà sí ìwọ̀n rẹ̀.